Ohun Tí Mo Gbọ́ Lódò Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan n'Ílaròó, wọ́n lẹ ìwé mọ́ iwájú tábìlì tí mo jókòó sí: "Alhaja Bàlíkísù Ìbídàpọ̀, Akíkanjú Ajàfálàáfíà." Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń bọ̀. Mi ò dé Mẹ́kà rí. Ibi tó jìnnà jù tí mo dé láyé mi ni Ìdí-Ìrókò, ọjọ́ kejì ni mo sì padà sílé nítorí orúnkún ń dùn mí. Ti akíkanjú yẹn ló wá burú jù, àfi kí n máa wo ilẹ̀ títí ìpàdé fi tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ẹ̀ríolúwa, ọmọbìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ tó pè wá kọ̀wé, wá jókòó tì mí. Ó ní kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe pè mí sí iṣẹ́ àlàáfíà, òun fẹ́ fi sínú ìwé wọn. Mo ní Ọlọ́run ò pè mí o, ẹnu mi ló kó mi sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo yọjú wò ó: "onírẹ̀lẹ̀" ló kọ. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ ọ́ fúnra mi báyìí, kí wọ́n má baà fi irọ́ tẹ̀wé.

Abúlé wa ń jẹ́ Ìdí-Ọsàn. Bí ọlọ́kadà bá mọ ọ̀nà, tí òjò ò sì rọ̀, èèyàn ò ní lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ láti Ayétòrò. Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn. Tèmi ni mo fi ń ṣe fùfú àti gàrí, gàrí mi sì dára, mi ò ní torí pé wọ́n pè mí ní onírẹ̀lẹ̀ kí n wá purọ́ lórí ìyẹn. Ohun mìíràn tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni ariwo. Ọkọ mi, Ìbídàpọ̀, máa ń sọ pé kò sí ohun tí abúlé wa fẹ́ fi òpó fóònù ṣe níwọ̀n ìgbà tí òun ti fẹ́ mi.

Gáà àwọn Fúlàní wà ní òdìkejì odò wa. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Hàwáù, ìyàwó Àúdù, fi ń sọdá wá sílé mi. Bó bá gbé wàrà wá fún mi, èmi náà á kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún un fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Owó kankan ò sí níbẹ̀, ìjà ló wà níbẹ̀. Á ní èèpo mi tutù jù, pé ó ń wú ewúrẹ́ òun níkùn. Èmi náà á ní wàrà rẹ̀ ń kéré sí i lóṣooṣù. A ó jà títí ọmọ á fi sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó jọ jẹun. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Gbogbo èébú abúlé wa ló mọ̀, kódà òun ló kọ́ mi ní ọ̀kan tí mi ò gbọ́ rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ti wọ́.

Ọdún 2021 ni nǹkan dàrú. Láti abúlé kan dé òmíràn ní ilẹ̀ Yewa, àgbẹ̀ àti darandaran dojú ìjà kọ ara wọn. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun gáà, àwọn kan sì kó ẹrù wọn sọdá ibodè lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n sin èèyàn méjì ní abúlé kan tí kò jìnnà sí tiwa, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Basit, ọkùnrin tó máa ń bá mi lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí mo fi ẹ̀rù náà ṣe ni mo fi ń ṣe ara mi ní yẹ̀yẹ́. Gúrúùpù Wásáàpù mẹ́rin ni mo wà. Bí ẹnì kan bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú fóònù pé wọ́n ti ń bọ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ síwájú, mi ò sì ní tíì gbọ́ ọ tán. Hàwáù ò wá mọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ mi jẹrà lẹ́yìnkùlé, mo sì ń bínú sí i pé kò wá kó o, bí ẹni pé òun ò lẹ́mìí tó ń bẹ̀rù fún.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, bí agogo méje àárọ̀. Mo lọ sódò lọ wo ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, mi ò lè rí igi tó wà ní òdìkejì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lọ́hùn-ún tó ń ké sí ẹnì kan lókèèrè. Ó ní, "Jám wá'lé." Ẹni tó wà lókèèrè dá a lóhùn pé, "Jám tán." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i: jám wá'lé, jám tán.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí mọ́tò bá kọlu mọ́tò, a ní ó jám ọn. Bí wọ́n bá ká èèyàn mọ́ kọ̀rọ̀, wọ́n ti jám ọn nìyẹn. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbọ́? Wọ́n fẹ́ wá jám wa nílé, wọ́n fẹ́ jám wa tán. Orí mi wú. Ẹni tó bá rí mi bí mo ṣe sáré lọ́jọ́ náà á mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ orúnkún tí mo máa ń sọ.

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ dé abúlé, mo ń ké pé wọ́n ti dé odò o, wọ́n ní àwọn á jám wa tán. Kí n tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọkọ mi gbé rédíò. Èmi gbé asẹ́ gàrí mi lérí, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi sẹ́ nínú igbó. A ti rìn jìnnà lọ́nà Ayétòrò kí Ìbídàpọ̀ tó dúró lójijì, tó wọ̀tún wòsì, tó bi mí pé Màmá ńkọ́. Màmá ni ìyá ọkọ mi, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Mo rántí asẹ́, mo gbàgbé ìyá ọkọ. Ìbídàpọ̀ ò bá mi jà, torí rédíò wà lọ́wọ́ òun náà.

Bí a ṣe ń padà lọ gbé Màmá ni a gbọ́ pé ewu ti rọlẹ̀. Akínladé, àbúrò ọkọ mi, ni olórí fijilanté abúlé wa. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ò sá ní tiwọn, odò ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì ti mú ẹnì kan bọ̀. A bá Màmá lọ́dẹ̀dẹ̀ níbi tí a fi í sí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìnáwó ni gbogbo wa lọ tí a ò pe òun.

Àúdù ni ẹni tí wọ́n mú, ọkọ Hàwáù. Ọ̀pá màlúù àti ike oògùn fún ọmọ màlúù ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n sì dè é mọ́ òpó lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akínladé ti pe àwọn ará abúlé tí wọ́n ti sin òkú méjì yẹn pé kí wọ́n wá gbé e. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e lọ, kò ní padà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Ìgbà náà ló yẹ kí n dákẹ́ kí n ronú. Àmọ́ wọ́n ti gbé àga oníke fún mi síwájú ilé Akínladé, wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù, wọ́n ń pè mí ní akọni obìnrin tó gba abúlé là. Mo sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ohùn ọkùnrin méjì ni mo gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti di mẹ́wàá. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìbọn ti ń dán lọ́wọ́ wọn. Toheebat, aládùúgbò mi, bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé báwo ni mo ṣe rí ìbọn nínú kùrukùru tí mi ò ti rí igi. Mo bojú jẹ́ sí i. Mo mu mọ́ọ̀tì mi lọ.

Ọ̀sán ti ń sún mọ́ nígbà tí Hàwáù wọ abúlé, òun nìkan, ọmọ lẹ́yìn, igbá wàrà lórí. Àárín àwọn tó di kóńdó mú ló gbà kọjá. Kò bá Akínladé sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga mi, ó ní ẹ kú ọ̀sán. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi ni mo gbọ́ ohun tí Àúdù sọ lódò, òun fẹ́ mọ ohun tí mo gbọ́.

Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní, "Jám wá'lé. Jám tán."

Hàwáù wò mí títí. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Kò sunkún. Ojú mi ló ń tì í, bí ojú ṣe máa ń ti èèyàn nígbà tí àgbàlagbà bá tú sí ìhòòhò láàárín ọjà.

Ó ní, "Ìyá Roheemat, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kí yín ní ẹ káàárọ̀. Ẹ ò bi mí rí bí a ṣe ń kíra wa nílé tiwa."

Òótọ́ ni. Mo ti bi í nípa ewúrẹ́, mo ti bi í nípa wàrà, mo ti bi í ohun tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ tó fi ga tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dùn débi pé mo gbàgbé pé ó ní èdè mìíràn. Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú sùúrù tó ń dùn mí lára. Ó ní jàm wààlì ni ọkọ òun sọ, ìyẹn ni pé ṣé àlàáfíà lẹ sùn. Ẹni tí wọ́n bá kí báyẹn á dáhùn pé jàm tàn. Àlàáfíà nìkan ni. Ó ní àbúrò bàbá Àúdù tó wà lẹ́yìn àwọn màlúù ló ń kí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ rò. Mo rò ó pé èmi àti Hàwáù nìkan la mọ̀, pé bí mo bá dákẹ́, akọni ni màá máa jẹ́ títí ayé. Ìrònú náà ò pẹ́ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n mo rò ó. Lẹ́yìn náà ni mo wá dọ́gbọ́n ojo: mo lọ sọ ọ́ sí Akínladé létí pé ó jọ pé mi ò gbọ́ dáadáa, pé odò ń pariwo. Ó ní kí ìyàwó wọn lọ sinmi, jìnnìjìnnì ló ṣì wà lára mi. Fóònù rẹ̀ dún bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé Àúdù ti dé ìyànà.

Mo bá gun orí àga oníke yẹn. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ mi, mo di òrùlé mú. Ohùn tí mo fi dá ogun sílẹ̀ láàárọ̀ ni mo tún fi ké.

"Ẹ gbọ́ mi o. Ìkíni ni mo gbọ́, èmi ni mo pè é ní ogun. Mi ò rí ìbọn. Mi ò rí èèyàn kankan. Kùrukùru ni mo rí."

Ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí gbọ́. Àárọ̀ tí mo parọ́, gbogbo ayé gbà á. Ọ̀sán tí mo sọ òótọ́, wọ́n ní wàrà Hàwáù ti yí mi lórí. Akínladé ní obìnrin yìí ló kọ́ mi lóhun tí mò ń sọ. Mo ní ó dáa, Àúdù wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kò gbọ́ ohunkóhun nínú ohun tí à ń sọ. Kí Hàwáù dúró síbí. Kí gbogbo wa lọ bá a, kí n sọ ohun tí mo gbọ́ sí i, kí wọ́n wo ohun tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Akínladé gbà. Mo rò pé ó gbà kí ojú lè tì mí ni.

Ojú Àúdù ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létè. Rọ́bà táyà ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn òpó, ìka rẹ̀ ti dúdú. Nígbà tó rí mi tí mò ń bọ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ẹni tó bá ti súnmọ́ ọn láti àárọ̀, ìgbájú ló mú wá. Mo ní, "Jàm wààlì?" Ohùn mi ò jáde, èmi aláriwo. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ.

Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Ó ní, "Jàm tàn."

Akínladé súnmọ́ ọn, ó bi í lédè Yorùbá pé kí ni èmi sọ, kí lòun náà sì sọ. Àúdù ní mo bi òun bóyá àlàáfíà lòun sùn, òun sì dáhùn pé àlàáfíà nìkan ni. Akínladé dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti dé ẹ̀yìn wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó gbọ́ ìdáhùn náà, ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé torí ẹ káàárọ̀ lo ṣe gbé asẹ́ sá lọ?" Toheebat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Akínladé ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ̀bẹ, ó ń gé rọ́bà náà.

Ọ̀kadà méje ló wọlé láìpẹ́ sígbà náà. Akínladé ní èmi ni mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ dá wọn lóhùn. Mo lọ dúró láàárín ọ̀nà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, asẹ́ àti mọ́ọ̀tì àti ìbọn tí mi ò rí. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Basit wà lórí ọ̀kadà iwájú. Ó bi mí pé tó bá jẹ́ ọmọ tèmi la sin, ṣé màá máa sọ̀rọ̀ ìkíni fún òun? Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn, mi ò sì dìde. Ó pẹ́ kó tó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Títí dòní, kò bá mi lọ ẹ̀gẹ́ mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àhesọ kan bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kejì. Akínladé ní kí n lọ sọ ìtàn mi fún wọn, torí kò sẹ́lòmíì tó máa gbà láti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín báyẹn. Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màá dúró láàárín àwọn èèyàn, màá sọ bí mo ṣe rántí asẹ́ tí mo gbàgbé ìyá ọkọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, màá bi wọ́n pé nínú wọn, ta ló fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Mo ti ṣe é lÓkè-Ọ̀dàn. Ní Ajílété, wọ́n ní kí n sáré bí mo ṣe sáré lọ́jọ́ náà kí wọ́n wò ó. Mo sáré, ìró mi já bọ́. Àwọn ọmọdé abúlé wa ò pè mí ní Ìyá Roheemat mọ́, Ìyá Jám Tán ni wọ́n ń pè mí.

Àúdù àti Hàwáù ò dúró. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, wọ́n ti kó màlúù wọn sọdá ibodè. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, Hàwáù pè mí lórí fóònù pé àwọn máa ń wá sí Ìdí-Ìrókò lọ́jọ́ ọjà. Ìrìn àjò tí mo ní mo lọ nìyẹn. Mo gbé odindi àpò èèpo ẹ̀gẹ́ dání, mo ti sá a fún ọjọ́ mẹ́fà. Aṣọ́bodè tú àpò náà níbi mẹ́ta, wọ́n rò pé ìrẹsì ni. Hàwáù ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó ṣì tutù díẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àúdù jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ká mọ́, kò lè fún wàrà màlúù mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí láburú. Mo ní láburú wà ńbẹ̀. Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ṣe fún un, tó sì mọ̀ pé ẹnu mi ló ti wá, kí ló dé tó fi dá mi lóhùn pé àlàáfíà nìkan ni, kí ló dé tí kò fi mí ré.

Ó ní, "Láti àárọ̀ tí wọ́n ti mú mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi."